“A Dúpẹ́”: Gbólóhùn Tí Ó Fẹ́rẹ̀ẹ́ Gba Ẹ̀tọ́ Lọ́wọ́ Àǹtí Mi

Bí ẹnìkan bá bi ọmọ Yorùbá pé, “Ṣé ara le?”, ìdáhùn ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí onítọ̀hún tó parí ìbéèrè. “A dúpẹ́” ni. Ìbáà jẹ́ pé orí ń fọ́ ọ, ìbáà jẹ́ pé kò fojú kan oorun mọ́jú, “a dúpẹ́” náà ni yóò kọ́kọ́ jáde. Ẹni tí ó bá sún mọ́ wa dáadáa ni yóò tún wo ojú wa lẹ́ẹ̀kejì, tí yóò ní, “Ojú yín kò jọ bẹ́ẹ̀”, kí a tó wá jókòó, kí a tú iṣu désàlẹ̀ ìkòkò. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo kọ iṣẹ́ kan lórí ìkíni Yorùbá, mo sì gba máàkì tó dára níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé ìkíni kì í ṣe ìròyìn. Ọ̀nà tí a fi ń bu ọlá fún ara wa ni. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò rí “a dúpẹ́” nínú ìwé ìdájọ́ kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí adájọ́ yóò sì fi ṣe ẹ̀rí tako àbúrò ìyá mi.

Ìtàn náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí. Àǹtí mi ti fún mi láṣẹ láti sọ ọ́, bí kò bá ti sí orúkọ wọn nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ìyá Yorùbá ló wà ní òkè òkun tí irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, tí ìtìjú kò jẹ́ kí wọ́n la ẹnu.

Ẹ̀yìn tí ó gbé àwọn ẹlòmíràn

Mo ṣì kéré gan-an nígbà tí Àǹtí mi kúrò ní Ìbàdàn lọ sí ìpínlẹ̀ Maryland. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ obìnrin wa tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ iṣẹ́ náà tàn yín jẹ. Wọn a gbé arúgbó dìde lórí ibùsùn, wọn a wẹ̀ ẹ́, wọn a wọ aṣọ fún un, wọn a gbé e sórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, wọn a tún padà gbé e sùn lálẹ́. Nínú àwọn tí wọ́n ń gbé yìí, a rí ẹni tó wúwo ju àwọn fúnra wọn lọ ní ìlọ́po méjì. Fún ohun tó lé ní ogún ọdún ni Àǹtí mi fi ẹ̀yìn wọn ṣe iṣẹ́ yìí. Owó ilé ẹ̀kọ́ mi ní ọdún méjì àkọ́kọ́, láti inú ẹ̀yìn náà ló ti wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, bàbá arúgbó kan fẹ́ ṣubú nínú ilé ìwẹ̀. Àǹtí mi dì í mú. Bàbá náà kò ṣubú, ṣùgbọ́n nǹkan já nínú ẹ̀yìn Àǹtí mi. Àwòrán tí wọ́n fi ẹ̀rọ MRI yà fi hàn pé ohun tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn wọn ti yọ síta, ó sì ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ sí ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n gbìyànjú láti padà sẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin péré ni wọ́n lè ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni wọ́n nígbà náà.

Wàyí o, nínú gbogbo owó iṣẹ́ tí Àǹtí mi gbà láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà, wọ́n sábà máa ń yọ dọ́là 6.2 nínú ọgọ́rùn-ún dọ́là fún Social Security, agbanisíṣẹ́ wọn náà sì ń san iye kan náà lé e. Ọdún 1935 ni ààrẹ Franklin Roosevelt fọwọ́ sí òfin tó dá ètò náà sílẹ̀. Ní ọdún 1956, lásìkò ààrẹ Dwight Eisenhower, wọ́n fi apá kan kún un fún òṣìṣẹ́ tí àìsàn tàbí ìjàǹbá bá sọ di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọmọ ọdún 31 gbọ́dọ̀ ti ṣiṣẹ́, kí ó sì ti dá owó yìí, fún nǹkan bí ọdún márùn-ún nínú mẹ́wàá tó ṣáájú àìsàn rẹ̀ kí ó tó lè béèrè fún un. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn ará wa tí wọ́n máa ń pè é ní owó ọ̀fẹ́. Kì í ṣe sàráà. Ó sún mọ́ èsúsú ju sàráà lọ: ẹni tí kò bá dá, kò lè kó.

Ìbéèrè márùn-ún

Ṣùgbọ́n kíkó owó yìí le ju kíkó èsúsú lọ. Ìbéèrè márùn-ún ni àjọ ìjọba tó ń bójú tó o máa ń bi ara rẹ̀ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ìkínní: ǹjẹ́ ẹni náà ṣì ń ṣiṣẹ́ tó ń mú owó gidi wọlé? (Ní ọdún 2025, dọ́là 1,620 lóṣù ni òdiwọ̀n rẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe afọ́jú.) Ìkejì: ǹjẹ́ àìsàn náà le? Ìkẹta: ǹjẹ́ ó bá èyíkéyìí mu nínú àwọn àìsàn tí ìjọba ti tò sínú ìwé pé wọ́n burú tó láìsí àríyànjiyàn? Ìkẹrin: ǹjẹ́ ẹni náà lè padà sí iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀? Ìkarùn-ún: bí kò bá lè padà síbẹ̀, ǹjẹ́ iṣẹ́ mìíràn wà ní orílẹ̀-èdè náà tí ó lè ṣe, bí a bá wo ọjọ́ orí rẹ̀, ìwé tó kà àti iṣẹ́ tó mọ̀? Lórí gbogbo rẹ̀, àìsàn náà gbọ́dọ̀ ti pẹ́ tó oṣù méjìlá, tàbí kí a retí pé yóò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé yóò já sí ikú.

Ìbéèrè karùn-ún yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú, níbẹ̀ sì ni ọjọ́ orí ti ń ṣiṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá ti pé ọmọ ọdún 50, òfin a bẹ̀rẹ̀ sí í dẹwọ́ fún un. Bí ó bá pé 55, a tún dẹwọ́ sí i, nítorí wọ́n gbà pé kò rọrùn fún àgbàlagbà láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun. Ẹ fi ọjọ́ orí yìí sọ́kàn. A óò padà sí i.

Àjọ náà kọ̀ fún Àǹtí mi lẹ́ẹ̀kínní. Wọ́n ní kí àjọ tún un wò, ó tún kọ̀. Wọ́n wá bẹ̀bẹ̀ fún ìgbẹ́jọ́ níwájú adájọ́ tó wà lábẹ́ àjọ náà fúnra rẹ̀. Àsìkò àrùn Kòrónà ni, nítorí náà orí fóònù ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà ní ọdún 2021. Adájọ́ kò rí Àǹtí mi. Kò rí bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì kí wọ́n tó lè dìde. Ohùn wọn nìkan ló gbọ́, ohùn tó ń sọ pé, “Ẹ ṣé, sà, mo wà dáadáa, a dúpẹ́”, nígbà tí ó kí wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjókòó.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ìwé ìdájọ́ dé. Adájọ́ gbà pé Àǹtí mi kò lè padà sí iṣẹ́ gbígbé arúgbó, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n lè ṣe iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí ènìyàn yóò máa dúró tàbí kí ó máa rìn fún wákàtí mẹ́fà nínú mẹ́jọ, tí yóò sì máa gbé ẹrù tó tó pọ́ùn 20 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Amòye nípa iṣẹ́ tí wọ́n pè síbẹ̀ ti sọ pé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, bíi yíya lẹ́tà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ ọdún 53 ni Àǹtí mi nígbà náà. Wọ́n mú ìwé náà lọ sí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìdájọ́ irú àwọn adájọ́ wọ̀nyí wò. Ìgbìmọ̀ náà ní òun kò ní dá sí i.

“Ìwọ tí o ka Yorùbá”

Alẹ́ ọjọ́ tí ìwé ìgbìmọ̀ yìí dé ni Àǹtí mi pè mí ní Ìbàdàn. Ọmọ wọn tó wà lọ́dọ̀ wọn gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju èmi lọ, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ṣùgbọ́n wọ́n ní, “Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ yé mi, kò wọ̀ mí lára ni. Ìwọ tí o ka Yorùbá, wá bá mi ka ohun tí wọ́n sọ nípa mi, kí o sọ ọ́ fún mi bí ìyá rẹ yóò ṣe sọ ọ́.”

Wọ́n fi gbogbo fáìlì náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó lé ní ẹgbẹ̀ta ojú ewé. Alẹ́ mẹ́fà ni mo fi kà á, ìmọ́lẹ̀ fóònù ni mo ń lò nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Àǹtí mi bí n kò ṣe mọ̀ wọ́n rí: ìwé dókítà lórí ìwé dókítà, bí ẹsẹ̀ òsì ṣe ń kú tipiri, bí wọn kò ṣe lè gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní títọ́ kí ìrora má mú wọn, bí wọ́n ṣe ń sùn lórí àga. Ṣùgbọ́n ní òkè ojú ewé kọ̀ọ̀kan, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń kọ ohun tí aláìsàn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, gbólóhùn kan náà ló ń tún ara rẹ̀ kọ: obìnrin yìí sọ pé ara òun dá.

Mo ka iye ìgbà tó fara hàn. Mọ́kànlá.

Adájọ́ náà ti kà á bí tèmi. Ó kọ ọ́ sínú ìdájọ́ rẹ̀ pé kò sí bí ìrora ṣe lè le tó bí obìnrin náà ṣe sọ, níwọ̀n ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ ń sọ fún àwọn dókítà pé ara òun dá. Ó fi méjì kún un: pé ó ń dáná, àti pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Inú fọ́ọ̀mù tí àjọ ní kí wọ́n kọ nípa bí wọ́n ṣe ń lo ọjọ́ wọn, láti ìgbà tí wọ́n bá jí títí di ìgbà tí wọ́n bá sùn, ló ti rí ìyẹn. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè bóyá wọ́n ń se oúnjẹ, Àǹtí mi kọ “bẹ́ẹ̀ ni”. Ìyá Yorùbá wo ni yóò kọ “rárá” síbẹ̀?

Mo pè wọ́n padà. Mo ní, “Àǹtí mi, kí ló dé tí ẹ fi ń sọ fún dókítà pé ara yín dá?”

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, “Ọmọ mi, wọ́n kí mi ni. Ṣé kí n máa bú sẹ́kún fún ẹni tó kí mi ni?”

Ẹkún ni èmi fúnra mi bú sí lẹ́yìn tí a parí ọ̀rọ̀ náà.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́

Ọgọ́ta ọjọ́ ni òfin fún ènìyàn láti gbé irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn tí ìwé ìkẹyìn bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n sì ka ọjọ́ márùn-ún sí àkókò tí lẹ́tà yóò lò lójú ọ̀nà. Àǹtí mi jẹ ogún ọjọ́ nínú rẹ̀ pẹ̀lú àròjinlẹ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. “A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́,” ni ìyá mi wí. “Àlejò ni ẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Ìjọba tí o ń gbé lábẹ́ rẹ̀ ni o fẹ́ pè lẹ́jọ́?” Àǹtí mi ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn wọ̀ wọ́n lára.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọdé láàárín wọn, mo rọra dá sí i. Mo ní òwe mìíràn náà wà nílẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo ní ilé ẹjọ́ yìí kì í ṣe ibi tí a ti ń bá ìjọba jà. Ibi tí a ti ń béèrè bóyá ẹni tó dájọ́ gbọ́ ẹjọ́ tán ni. Agbẹjọ́rò tí wọ́n rí náà sọ ohun kan náà. Owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ jẹ́ dọ́là 405 lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní lè bẹ ilé ẹjọ́ pé kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun. Agbẹjọ́rò náà kò gba kọ́bọ̀ ṣíwájú. Bí wọ́n bá borí, òfin kò gbà á láyè láti gba ju ìdá mẹ́rin lọ́nà kan lọ nínú owó tó ti kọjá tí wọ́n bá san fún ẹni tó ṣojú fún nílé ẹjọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí ilé ẹjọ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. N kò rò ó bẹ́ẹ̀. Mo rò pé Àǹtí mi yóò dúró níwájú adájọ́ tó wọ agbádá dúdú, wọn yóò sì ṣàlàyé ara wọn. Rárá o. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sí ìbúra, kò sí ìwé dókítà tuntun. Fáìlì tó ti wà nílẹ̀ nìkan ni adájọ́ yóò kà, pẹ̀lú àlàyé tí agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì bá kọ. Kò tilẹ̀ ní bi ara rẹ̀ bóyá Àǹtí mi lè ṣiṣẹ́ tàbí wọn kò lè ṣe é. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ àjọ tẹ̀lé òfin, ǹjẹ́ ẹ̀rí tó rinlẹ̀ sì wà lẹ́yìn ohun tó sọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí, kódà bí òun ìbá ti dá a lọ́nà mìíràn.

Òdiwọ̀n “ẹ̀rí tó rinlẹ̀” yìí kò ga. Ní ọdún 1971, irú ẹjọ́ yìí tí Pedro Perales, awakọ̀ ẹrù kan ní ìlú San Antonio, ìpínlẹ̀ Texas, pè dé iwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀yìn ni tirẹ̀ náà, nígbà tó ń gbé ẹrù níbi iṣẹ́ ní ọdún 1965. Ó pàdánù. Ilé ẹjọ́ náà sọ pé ìwé tí àwọn dókítà kọ tó láti jẹ́ ẹ̀rí, kódà bí àwọn dókítà náà kò bá yọjú, níwọ̀n ìgbà tí Perales kò ti lo ẹ̀tọ́ tó ní láti ní kí wọ́n pè wọ́n wá fún ìbéèrè. Wọ́n ní ẹ̀rí náà kàn gbọ́dọ̀ ju ẹyọ fúnńfún lọ ni, kí ó sì jẹ́ ohun tí ọlọ́gbọ́n ènìyàn lè gbà. Nígbà tí mo ka èyí, àyà mi já. Ìwé dókítà mọ́kànlá tó sọ pé ara dá kì í ṣe fúnńfún.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn wà. Ní ọdún 2018, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó jókòó ní Richmond, ìpínlẹ̀ Virginia, tí Maryland wà lábẹ́ rẹ̀, sọ nínú ẹjọ́ ẹnìkan tó ń jẹ́ Woods pé adájọ́ àjọ kò gbọdọ̀ máa ka ohun tí ènìyàn ń ṣe láìwo bí ó ṣe ń ṣe é àti ìwọ̀n tó lè ṣe é mọ. Níbẹ̀ ni agbẹjọ́rò Àǹtí mi ti rí ẹsẹ̀ dúró. Nínú ìgbẹ́jọ́ orí fóònù, Àǹtí mi ti sọ ọ́, ó sì wà lákọsílẹ̀, pé orí àpótí ni àwọn ń jókòó sí dáná, pé ọmọ wọn ní ń gbé ìkòkò kaná tí ń sọ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n ti sọ pé àwọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdajì ìsìn ni àwọn fi ń sùn gbalaja sẹ́yìn ọkọ̀. Adájọ́ kọ “ó ń dáná” àti “ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì” sílẹ̀. Kò kọ àpótí. Kò kọ ìkòkò. Kò kọ ẹ̀yìn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ ìdí tí òun fi gba òkè ojú ewé dókítà gbọ́, tí òun kò fi ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí dókítà fúnra rẹ̀ ti kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bà àti ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ fagi lé ìpinnu náà, ó sì dá ẹjọ́ padà sọ́dọ̀ àjọ pé kí wọ́n tún un gbọ́.

Ìbúra kejì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tètè yọ̀. Dídá ẹjọ́ padà kì í ṣe owó lápò. Ohun tí ilé ẹjọ́ sọ ni pé, “Ẹ kò gbọ́ ọ tán, ẹ padà lọ gbọ́ ọ.” Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ tán kí wọ́n sì tún kọ̀. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ilẹ̀kùn ṣí fún ẹ̀rí tuntun, bí a bá ti fi í ṣọwọ́, tàbí tí a sọ fún wọn nípa rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún ṣáájú ìjókòó.

Agbẹjọ́rò ní kí n kọ lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Ojú ewé kan ààbọ̀ ni mo kọ. Mo ṣàlàyé pé láàárín Yorùbá, bí a bá kí ènìyàn pé ṣé ara le, kì í ṣe pé a ń bi í léèrè àìsàn. Mo ṣàlàyé pé obìnrin tó sọ “a dúpẹ́” kò parọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́rìí. Ó dáhùn ìkíni ni. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ nǹkan láti ìgbà tí mo ti ń fi ìwé kíkọ jẹun, n kò tíì kọ ohun tó nira fún mi tó ojú ewé kan ààbọ̀ yẹn. Àwọn kan máa ń bi mí pé kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìwé ẹ̀rí Yorùbá ṣe láyé ìsinsìnyí. Ìdáhùn mi wà nínú fáìlì kan ní Maryland.

Wọ́n tún béèrè fún ògbufọ̀. Ọ̀fẹ́ ni àjọ fi ń pèsè rẹ̀ fún ẹni tó bá béèrè. Àǹtí mi kọ́kọ́ yarí; wọ́n ní àwọn ti lé ní ogún ọdún nílùú òyìnbó, kí ni àwọn fẹ́ fi ògbufọ̀ ṣe. Mo ní, “Àǹtí mi, Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ gbọ́, ti ibi iṣẹ́ ni. Èdè tí ẹ fi ń kérora ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà.

Ní ọdún 2024, ojúkojú ni ìjókòó náà. Adájọ́ kí wọn. Àǹtí mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé “a dúpẹ́” ti dé orí ahọ́n wọn, wọ́n sì gbé e mì. Wọ́n ní, “Ẹ ṣé, sà. Ara mi kò yá.” Nígbà tí wọ́n bi wọ́n bí ìrora náà ṣe rí, wọ́n ní bí àwọn bá dúró pẹ́ díẹ̀, a dà bí ẹni pé wọ́n fi irin gbígbóná gba ìdí àwọn lọ dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ògbufọ̀ náà dákẹ́ díẹ̀ kó tó túmọ̀ rẹ̀.

Ìdájọ́ dé. Adájọ́ gbà fún wọn ní ìdajì. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti pé ọmọ ọdún 55 ní 2023 ni òfin ti kà wọ́n sí ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, nítorí ní ọjọ́ orí yẹn, ẹni tí iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan kù fún, tí iṣẹ́ tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì wúlò níbòmíràn, ti bọ́ sábẹ́ ààbò òfin. Ọdún mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀ lọ bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò ní a tún lè bá ọdún mẹ́rin náà lọ. Àǹtí mi ní ó ti tó. Wọ́n ní, “Mo fẹ́ sinmi báyìí.” Inú mi kò dùn tán, n kò ní í purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn wọn ni, kì í ṣe tèmi.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ

Ẹ̀yin òbí àti ẹbí wa lókè òkun, bí dókítà bá kí yín, ẹ dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ sọ fún un pé, “Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ara mi ṣe rí.” Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìkíni àti ẹ̀rí dà pọ̀.

Bí ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù, “bẹ́ẹ̀ ni” nìkan kò tó. Ẹ kọ bí ẹ ṣe ń ṣe é, ta ló ń ràn yín lọ́wọ́, ìgbà wo ni ẹ máa ń dáwọ́ dúró, àti bí ara ṣe máa ń rí lọ́jọ́ kejì. Àpótí ìdáná yẹn ni ẹ̀rí yín.

Ẹ má ju lẹ́tà nù, ẹ má sì jẹ́ kí ọgọ́ta ọjọ́ kọjá. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè tuntun láìbi agbẹjọ́rò léèrè, nítorí ọjọ́ àti ọdún tí ẹ ti jà fún lè ṣòfò.

Ohun gbogbo tí ẹ bá fẹ́ kí ilé ẹjọ́ mọ̀, ẹ jẹ́ kí ó wọ inú fáìlì nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ àjọ. Adájọ́ àpapọ̀ kò lè ka ohun tí kò sí níbẹ̀, àfi ní ìwọ̀nba ìgbà tí ẹ̀rí tuntun bá ṣe kókó tí ìdí gidi sì wà tí kò fi tètè jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Láti ọdún 2011 ni àtúnṣe sí ìwé òfin ilẹ̀ wa, ní abala 254C, ti gbé ẹjọ́ owó ìfẹ̀yìntì àti owó àjẹmọ́nú fún Ilé Ẹjọ́ Àpapọ̀ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. Ọ̀pọ̀ bàbá àti ìyá ló ń sùn lórí ẹ̀tọ́ wọn nítorí pé ẹnìkan ní ọ́fíìsì sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kì í ṣe ẹnu akọ̀wé ni ọ̀rọ̀ máa ń parí sí.

Mo pe Àǹtí mi ní ìrọ̀lẹ́ àná kí n tó fi àpilẹ̀kọ yìí ránṣẹ́. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí mi. Ṣé ara le?”

Wọ́n ní, “Kíkí ni o kí mi ni, àbí o ń bi mí?”

Mo ní, “Mo ń bi yín ni, mà.”

Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe fa àga, tí wọ́n rọra jókòó. “Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Gbọ́ bí ó ṣe rí lónìí.”